Bí Iṣẹ́ Bá Yí Padà Mọ́ni Lọ́wọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Mẹkáníìkì Tí Ó Fẹ́ Padà Di Akẹ́kọ̀ọ́ Lágbà

Nígbà tí mo gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Peugeot 504 àti Volkswagen tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjàpá ṣì pọ̀ ní ìgboro Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ bá ń mu epo jù láyé ìgbà náà, a ó tú kábúrétọ̀ rẹ̀ palẹ̀, a ó fi bẹntiróòlù fọ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, a ó fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀ títí yóò fi mọ́, a ó tò ó padà, a ó sì dẹtí sí ẹ́ńjìnì bóyá ara rẹ̀ ti balẹ̀. Etí wa ni síkánà wa, ẹ̀rọ tí a fi ń bi kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní ohun tí ń ṣe ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ ń gba èbúté Èkó àti Kọ̀tọ̀nú wọlé, àwọn ọkọ̀ tí kò ní kábúrétọ̀ rárá, tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà inú wọn ni ó ń pinnu iye epo tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan yóò mu àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ta iná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń dọ́gbọ́n sá fún wọn. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé ọwọ́ mi dí, tàbí kí n darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ríwáyà bí ẹni pé iṣẹ́ iná nìkan ni.

Ohun tí ó fòpin sí ìsákiri náà ni ọkọ̀ kan tí ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ní kí oníbàárà ra pọ́ǹpù epo tuntun, ó rà á, ọkọ̀ kò yéé gbọ̀n. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yà lọ́dọ̀ wa, ó ki síkánà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wo ojú fóònù rẹ̀, ó yọ kọ́ìlì, ohun tí ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, láti orí sílíńdà kan sí òmíràn, ó ní, “Bàbá, kọ́ìlì yìí ló ti kú.” Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Oníbàárà náà kò bú mi. Ó kàn wo páálí pọ́ǹpù epo tí ó fi owó rẹ̀ rà lásán, ó sì wò mí.

Ẹni tí wọ́n bá ti wò bẹ́ẹ̀ rí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òun ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n ayàwòrán tí kámẹ́rà onífíìmù bọ́ mọ́ lọ́wọ́, tàbí atẹ̀wé tí kọ̀ǹpútà bá lórí ìjókòó, lè fi iṣẹ́ tirẹ̀ rọ́pò tèmi. Èrò mi nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìnira tí àgbà ń rí nínú kíkọ́ ohun tuntun kì í ṣe ẹ̀rí pé ọpọlọ rẹ̀ ti dógùn-ún, ìtìjú ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìtìjú jíjẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú àwọn tí ń pe ni ní ọ̀gá, ìtìjú sì jẹ́ ohun tí a lè dín kù bí a bá fara balẹ̀ to ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ tú ìnira náà palẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú ẹ́ńjìnì

“N kò lè kọ́ ọ mọ́” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ilé bá ti pa rọ́rọ́, kí ẹ mú bébà, kí ẹ sì kọ ohun tí ó ń lé yín sẹ́yìn gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Nígbà tí èmi ṣe é, mẹ́rin ni mo rí. Èkíní ni Gẹ̀ẹ́sì tí síkánà ń sọ. Èkejì ni owó. Ẹ̀kẹta ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí yóò máa wò mí bí mo ṣe ń ṣì í. Ẹ̀kẹrin ni pé lẹ́tà ojú fóònù kéré, ojú mi kò sì ríran nítòsí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí ẹ̀kẹrin yìí, nítorí pé ó pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ń sọ fún ara mi tipẹ́ pé ìwé kì í wọ orí mi mọ́, láìmọ̀ pé orí kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Awò ìkàwé ni mo nílò. Nígbà tí mo rà á, ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣòro mi tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mẹ́ta yòókù gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì kó gbogbo wọn sínú àpò kan tí mo pè ní “àgbà ti dé”, n kì bá tí lọ ra awò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ohun tí ó ṣì wà lọ́wọ́ yín

Ẹni tí ó bá gbà pé gbogbo ohun tí òun mọ̀ ti di asán kò ní lè kọ́ ohun tuntun, nítorí pé kò ní ibi tí yóò gbé e kà. Ẹ́ńjìnì òde òní ṣì ń fẹ́ ohun tí ti 504 ń fẹ́: atẹ́gùn, epo, iná, àti kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n (bí sílíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn àti epo pọ̀) tí ó péye, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dé lásìkò rẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ń ṣètò wọn. Síkánà ń sọ ibi tí ẹjọ́ wà. Kì í dá ẹjọ́. Bí ó bá gbé kóòdù P0171 jáde, ohun tí ó ń wí ni pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ nínú àpòpọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń jó. Ọmọdé tí kò ní ju síkánà lọ lè sáré lọ sí Ládípọ̀, ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Mushin, láti ra sẹ́ńsọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé rọ́bà kan ló là lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, tí ó ń fa atẹ́gùn tí kọ̀ǹpútà kò kà. Etí yín yóò gbọ́ súúfèé rọ́bà náà. Kì í ṣe lásán ni àwọn baba wa fi sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yín nìyẹn, ẹ má sọ ọ́ nù.

Bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì pé àgbà lè yí padà, ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà tuntun kò délẹ̀ tí ti àtijọ́ kò sì ṣeé ná. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n ti búra pé àwọn kò ní gba owó orí fóònù láéláé kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n ń wo àlàáti kí wọ́n tó wọn gààrí. Ìyàtọ̀ kan ni pé ebi ló kọ́ wọn. Mo rò pé ó sàn kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ kí ebi tó dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ kọ́ ọ dé ìdí

Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi ni pé wọ́n fẹ́ kọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀: gíà ọlọ́tọ̀mátíìkì, bíréèkì ABS, kọ́kọ́rọ́ oníkọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ó máa ń pòrúru mọ́ wọn lójú, wọ́n a sì padà sídìí ohun tí wọ́n mọ̀. Ìṣòro kan ni kí ẹ mú. Èyí tí ó dójú tì mí ni mo mú: ọkọ̀ tí ń gbọ̀n nítorí pé sílíńdà kan kò jó epo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bí mo ṣe kọ́ ọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ onísílíńdà mẹ́rin wá, ó ń gbọ̀n bí ó bá dúró lójú kan, iná “check engine” sì tàn. Ẹ tẹ̀ba, kí ẹ wá ihò tí a ń ki síkánà bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ojú mẹ́rìndínlógún ni ó ní. Láti ọdún 1996 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti pọn ọ́n ní dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní irú ihò yìí, àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2001 fún ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù, ìdí nìyẹn tí síkánà kékeré kan fi lè bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòkunbọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò ti tàn láìsí pé ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí síkánà kà, kí ẹ sì kọ kóòdù tí ó bá gbé jáde sínú ìwé kí ọwọ́ yín tó kan ohunkóhun.

Ká ní P0301 ni. P ń tọ́ka sí ẹ́ńjìnì àti gíà, 3 ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìtanná ni, nọ́ńbà tí ó gbẹ̀yìn sì ń dárúkọ sílíńdà: ìkíní ni ó ń ṣàìsàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Japan onísílíńdà mẹ́rin, apá ibi tí bẹ́líìtì wà ni a ti ń ka ìkíní, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni, nítorí náà ẹ wádìí rẹ̀. Síkánà kò sọ pé kọ́ìlì ló kú o. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ yọ kọ́ìlì orí sílíńdà kìíní, ẹ gbé e sórí ìkẹta, kí ẹ sì gbé ti ìkẹta sórí ìkíní. Ẹ pa kóòdù náà rẹ́, ẹ tan ọkọ̀, ẹ wà á díẹ̀, kí ẹ tún kà á. Bí kóòdù bá ti di P0303, àìsàn ti bá kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì náà ni ẹ ó pààrọ̀. Bí P0301 kò bá yẹsẹ̀, kọ́ìlì kò jẹ̀bi. Ẹ pààrọ̀ àyè púlọ́ọ̀gì lọ́nà kan náà, bí kò bá sì tún yẹsẹ̀, ẹ kọjú sí ìnjẹ́tọ̀ tí ń fín epo sí ẹ́ńjìnì, àti kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n. Kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ẹni tí ó kọ́ mi ní ìyókù. Ohun kan péré ni kí ẹ fi kún un: bí iná “check engine” bá ń ṣẹ́jú léraléra, ẹ má ṣe máa wa ọkọ̀ náà kiri, nítorí epo tí kò jó yóò máa sun katalísítì, ohun tí ń sọ èéfín di mímọ́, tí ó wà nídìí èéfín.

Mo ṣe pàṣípààrọ̀ kọ́ìlì yìí lórí ọkọ̀ tí kò ní àìsàn kankan, ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi tí ó fún mi láyè, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, kí n tó gbìyànjú rẹ̀ lójú oníbàárà. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹfà, ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá olùkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ yín

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, èmi kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Yorùbá ni wá. Ẹni tí ń dọ̀bálẹ̀ kí ni láàárọ̀ kọ́ ni a máa ń retí pé kí ó sọ fún ni pé “rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀” lọ́sàn-án. Nígbà tí mo lọ bá ọmọkùnrin tí ó rí àìsàn kọ́ìlì náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí mo padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo wọlé, mo sì sọ ọ́ láìyí i po: “Mo fẹ́ kí o kọ́ mi ní síkánà. N óò san owó.” Ojú ti òun náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá? Ẹ máa bọ̀ nígbà tó bá wù yín, ẹ ò ní sanwó.”

Ẹ má gba èyí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láàárín àgbà àti ọmọdé máa ń di ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kò lè bá akẹ́kọ̀ọ́ wí nínú rẹ̀, nítorí pé ó ti di ọ̀wọ̀. Àdéhùn ni kí ẹ ṣe, kí ó sì hàn kedere. Àdéhùn tiwa ní ọ̀nà mẹ́ta. Ìdajì owó àyẹ̀wò gbogbo ọkọ̀ tí mo bá gbé wá jẹ́ tirẹ̀. Èmi náà yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń lọ fáálùfù kí ó dì, iṣẹ́ tí ó ti ń wù ú tipẹ́ tí kò rí ẹni kọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù: bí mo bá ṣì í níwájú oníbàárà, kò ní wí nǹkan kan níbẹ̀, yóò pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí a bá ku àwa méjì, yóò sọ ọ́ bí ó ti rí, n kò sì ní bínú. Mo bínú lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó rán mi létí àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ ìpè náà gba ọgbọ́n. Ẹ má ṣe pè é ní “ọmọ yìí” níwájú ènìyàn, ẹ má sì ṣe pè é ní ọ̀gá, nítorí pé ara rẹ̀ kò ní gbà á. Ínjíníà ni èmi ń pè é. Òun ń pè mí ní Bàbá. Kò sí ẹni tí àyè rẹ̀ sọnù. Bí ọmọdé ṣe gbọ́n tí àgbà gbọ́n ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀, bí a ti ń sọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ má ti ilẹ̀kùn àtijọ́ kí tuntun tó ṣí

Mo ti rí ẹni tí ó ta gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ láti fi ra síkánà ńlá, tí ebi sì lé e padà kí ó tó mọ bí a ṣe ń lò ó. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ni yóò bọ́ ilé nígbà tí ẹ bá ń kọ́ èyí tí ẹ kò mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń lo bẹntiróòlù ṣì ń lo kábúrétọ̀, ó sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú síkánà kékeré olówó pọ́ọ́kú tí ń lo bulutúùtù fóònù, kí ẹ jẹ́ kí ó san owó ara rẹ̀ padà kí ẹ tó ra èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Ní ti àkókò, wákàtí kan láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni mo yà sọ́tọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Mo gbìyànjú ìrọ̀lẹ́, kò ṣeé ṣe. Ara tí ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀ kì í gba ẹ̀kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọ fún àwọn ará ilé, àwọn ọmọ iṣẹ́ àti oníbàárà

Ẹ sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ yín pé owó yóò dín kù díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ó tó rí i fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín pé ẹ ń kọ́ nǹkan, kí ẹ sì pè wọ́n wá wò. Ẹ̀rù tí mo ní pé wọn yóò fojú di mí kò ṣẹ. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn, tí ó ka ìwé dé girama, ni ó wá ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì síkánà fún mi, ìlà kìíní bébà mi sì ti ibẹ̀ parẹ́.

Oníbàárà ni mo fi sí ìgbẹ̀yìn nítorí pé òun ni ó wúwo jù lẹ́nu. Gbólóhùn tí ẹ ó kọ́ ni èyí: “N kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ fún mi di ọ̀la.” Fún ogún ọdún, n kò sọ ọ́ rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ọkùnrin náà kàn fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ní ó dáa, ó wọ ọ̀kadà, ó lọ. Èmi ni mo dúró síbẹ̀ tí mo ń retí ìjà.

Nígbà tí ó bá burú sí i

Ní nǹkan bí oṣù kejì, ẹ ó rí i pé ẹ kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀ níbi iṣẹ́ àtijọ́, ẹ kò sì tíì mọ tuntun dáadáa. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń padà sẹ́yìn. Ìwé àjákọ ni ó gbà mí sílẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn, mo kọ ọjọ́, kóòdù, ohun tí mo rò, ohun tí ó já sí. Nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, mẹ́ta péré ni mo gbà. Nínú mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e, mo gba mẹ́fà. Ara mi ń sọ fún mi pé n kò tẹ̀síwájú, ìwé ń sọ pé irọ́ ni. Ẹ kọ àṣìṣe yín pẹ̀lú, kí ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ó bá yín lẹ́nu mu. Yorùbá ni mo fi kọ tèmi.

Ìnira tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fara dà

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá ń dẹ́rù bani ni ó yẹ kí ènìyàn kọrí sí. Ìtìjú kò lè pani lára. Àwọn ohun kan wà tí ó lè pani. Bí ẹ bá rí wáyà aláwọ̀ ọsàn nínú ọkọ̀ tí ń lo bátìrì ńlá, ẹ má fọwọ́ kàn án: iná tí ó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ ló wà níbẹ̀. Irú èyí náà ni ọ̀pá wáyà aláwọ̀ ìyeyè tí ó lọ sídìí àpò atẹ́gùn inú sítíárìn, tí ó lè bú gbàù mọ́ni lójú, àti CNG, gáàsì àdánidá tí a fún pọ̀, tí ìjọba ń rọ̀ wá láti gbé sínú ọkọ̀ láti ọdún 2023, èyí tí wọ́n ń kì sínú àgbá gáàsì rẹ̀ pẹ̀lú agbára ìfúnpọ̀ bí igba bààrì. A kì í fi ìgboyà kọ́ àwọn wọ̀nyí lábẹ́ igi máńgòrò. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní ìbọ̀wọ́ rẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ àti olùkọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí ni ẹ ó lọ, tàbí kí ẹ darí oníbàárà sọ́dọ̀ ẹni tí ó lọ. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ kò sùn lóru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí pé àyà yín ń lù kìkì kí ẹ tó jí dé ibi iṣẹ́, ẹ fi síkánà sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ rí dókítà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo wá oníbàárà ọlọ́pọ́ǹpù náà lọ sílé. Mo gbé owó iṣẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́sí lé e lọ́wọ́. Ó gba ìdajì, ó dá ìdajì padà, ó sì ní iná kan tún ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láti ọjọ́ Àìkú. Mo yọ síkánà lápò.